Àpótí Tí A Ń Gùn: Pákó, Káfíńtà àti Ìjókòó ní Ilé Rẹ́mọ

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Kò sí ọmọ Yorùbá tí ó dàgbà nínú ilé tí kò gbọ́ òwe yìí rí. Ìmọ̀ràn àjùmọ̀ṣe ni a máa ń fi í dá láàárín ọmọdé àti àgbà, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn sì máa ń parí ìtumọ̀ rẹ̀ sí. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ojú òpìtàn wo òwe náà, a óò rí i pé ó ń ṣe àpèjúwe ilé. Ilé tí wọ́n ti pa á ní pẹpẹ lára ògiri; pẹpẹ náà ga ju ọmọdé lọ; ohun tí ó lè fọ́, ohun tí ó ṣe iyebíye, ohun tí ewúrẹ́ àti adìẹ kò gbọdọ̀ dé ìdí rẹ̀, orí pẹpẹ ni wọ́n ń gbé e sí. Òwe náà kò sọ ohun tí ọmọdé tí kò rí àgbà bẹ̀ máa ń ṣe, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Yóò wá nǹkan gùn.

Nǹkan tí a ń gùn yìí ni ọ̀rọ̀ dá lé lórí. Lóde òní, irú rẹ̀ kan wà tí káfíńtà ní Ṣàgámù tàbí ní Ìkẹ́nnẹ́ lè kàn fún ẹni tí ó bá bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́: àpótí onípákó tí ó ní ìgbésẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta, tí a lè ṣí sílẹ̀ kí a gùn ún, tí a sì lè pa pọ̀ kí a fi ti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ó jọ ohun kékeré tí kò yẹ kí àgbà fi ìjókòó wọn jíròrò lé lórí. Bẹ́ẹ̀ sì ni, ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín èyí tí ó le koko àti èyí tí ń gbọ̀n lè jẹ́ ìyàtọ̀ láàárín ìyá àgbà tí ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sí ọjà àti ìyá àgbà tí egungun ìdí rẹ̀ ṣẹ́, tí ó dùbúlẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo orúkọ. Yorùbá kò ní orúkọ kan pàtó fún nǹkan yìí, àìní orúkọ náà sì ní ohun tí ó ń wí. Òtìtà ni àwọn àgbà ń pe ìjókòó kékeré tí kò ní ẹ̀yìn. Àpótí ni ọ̀pọ̀ ń pè é lónìí. Àpótí kan náà ni a ń kó aṣọ sí, òun náà ni a sì ń ju ìwé ìbò sí. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro: ohunkóhun tí ó bá ní orí pẹrẹsẹ, tí ó sì lè gba ènìyàn dúró, Yorùbá yóò jókòó lé e. Àga ni èyí tí ó ní ẹ̀yìn. Ìtẹ́ àti àpèrè di ti ọba. Àwọn tí wọ́n túmọ̀ Bíbélì, èyí tí odindi rẹ̀ jáde ní èdè Yorùbá ní 1884, lo àpótí ìtìsẹ̀ fún ohun tí ẹni tí ó jókòó ń gbé ẹsẹ̀ lé, wọ́n sì lo àkàsọ̀ fún ohun tí Jákọ́bù rí lójú àlá. Àpótí ìtìsẹ̀ kì í ṣe ohun gígùn, ẹni tí ó ti jókòó pẹ̀sẹ̀ ni ó ni ín. Àkàsọ̀, tí àwọn mìíràn ń pè ní àkàbà, kì í ṣe ohun jíjókòó. Àárín méjèèjì ni nǹkan tí a ń wí yìí bọ́ sí: ó jẹ́ ìjókòó nígbà tí kò sí iṣẹ́, ó di àkàsọ̀ nígbà tí gílóòbù iná bá kú. Àpótí ìgùnkè ni a óò máa pè é níhìn-ín, títí tí àwọn tí ń lò ó yóò fi fún un ní orúkọ tí ó sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Òtìtà àtijọ́ kò ní oríkèé kankan. Gbẹ́nàgbẹ́nà yóò gé ìtì igi kan, yóò fi àáké ṣá a dé ìwọ̀n, yóò sì fi ọ̀bẹ gbẹ́ ìdí, ọrùn àti orí rẹ̀ jáde láti ara igi kan ṣoṣo náà. Nígbà tí igi bá ṣì tutù ni wọ́n ń gbẹ́ ẹ, nítorí pé igi tútù rọ̀ fún irin. Abẹ́ ibòji ni wọ́n sì ń gbé e sí kí ó máa gbẹ díẹ̀díẹ̀, nítorí pé bí oòrùn bá pa á lójijì, yóò là láti inú ọkàn rẹ̀ wá síta. Bí ó bá ti gbẹ tí kò là, ó di ohun tí bàbá ń fi sílẹ̀ fún ọmọ. Kò ní ìṣó tí yóò yọ, kò ní ẹsẹ̀ tí yóò jáde. Irú ìjókòó yìí ti pẹ́ ní ilẹ̀ Yorùbá débi pé àwọn oníṣẹ́ ọnà Ilé-Ifẹ̀ gbẹ́ ẹ láti ara òkúta. Ọ̀kan nínú àwọn ti òkúta yìí, tí ó ní ohun ìdìmú lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí etí ife, ni Ọọ̀ni fi ta Gómìnà Gilbert Carter ti Èkó lọ́rẹ ní 1896, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù ni ó sì wà.

Àwọn kan a máa wí pé àwọn baba wa kò nílò ohun gígùn nítorí pé ilé wọn kò ga. Ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀. Àjà wà nínú ilé wọn, níbi tí èéfín ìdáná ti ń gbẹ àgbàdo tí kòkòrò kò fi ní jẹ ẹ́, àkàsọ̀ ni wọ́n sì ń gùn dé ibẹ̀. Ohun tí wọn kò fẹ́ ni kí ènìyàn máa gun ohun tí a kò ṣe fún gígùn. Ẹ wo ọ̀rọ̀ odó. Nínú ilé àtijọ́, kò sí ohun onígi tí ó wúwo tó odó, kò sì sí èyí tí ó dúró ṣinṣin tó o. Bẹ́ẹ̀ ni èèwọ̀ sì ni kí ènìyàn jókòó lórí odó, ẹ̀rù ńlá ni wọ́n sì ń dà lé èèwọ̀ náà lórí fún ọmọdé. Ìdí kìíní kò fara sin, ìmọ́tótó oúnjẹ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ronú síwájú yóò rí i pé bí ọmọ bá ń fẹ́ ohun tí ó wà lórí pẹpẹ, odó ni ojú rẹ̀ yóò kọ́kọ́ lọ bá, àti pé kò sí ohun tí ó lè yí lu ọmọ kí ó má ṣe é léṣe bí odó bá yí lù ú.

Ní ilẹ̀ Rẹ́mọ, pákó ni ó yí ọ̀rọ̀ ìjókòó padà. Ìtì igi ni òtìtà ń fẹ́, àpótí onígun mẹ́rin kò lè wà láìsí pákó, pákó kò sì lè wà lọ́pọ̀ yanturu láìsí ayùn gígùn. Ní Èkó, àwọn Sàró àti àwọn Àgùdà tí wọ́n padà dé láti oko ẹrú ti mú iṣẹ́ káfíńtà lọ́kùn-únkúndùn ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún; ilẹ̀kùn, fèrèsé, àga àti ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wọn ni ìran àpéwò fún àwọn ará oko. Rẹ́mọ kò sì jìnnà sí wọn. Ìkòròdú, tí í ṣe èbúté Rẹ́mọ lórí ọ̀sà, ni ẹnu ọ̀nà tí ọjà Ìbàdàn ń gbà dé Èkó. Nítorí ọ̀nà yìí ni ọmọ ogun Ẹ̀gbá fi dó ti Ìkòròdú, tí Glover, tí ó ń ṣe ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó, sì fi ránṣẹ́ ogun lọ lé wọn ní oṣù kẹta ọdún 1865. Nítorí àìfararọ irú àkókò yẹn ni àwọn ìlú bíi Òfin àti Màkún ṣe kó jọ sójú kan ní 1872, tí ibẹ̀ sì di Ṣàgámù. Lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní Ìmàgbọ̀n ní 1892, Akàrígbò bá Carter, Carter olótìtà òkúta kan náà yìí, ṣe àdéhùn ní 1894, Rẹ́mọ sì bọ́ sábẹ́ ààbò ìjọba Èkó. Àlàáfíà dé, ọ̀nà là, ìṣó àti ayùn sì ń bá iyọ̀ àti aṣọ wọlé.

Àwọn tí wọ́n sọ igi Rẹ́mọ di pákó ni lágilági. Ẹni tí a mọ orúkọ rẹ̀ jù lọ nínú wọn kò fi iṣẹ́ náà lókìkí, ọmọ rẹ̀ ni ó jẹ́ kí ayé gbọ́ nípa rẹ̀: David Ṣópolú Awólọ́wọ̀ ti Ìkẹ́nnẹ́, bàbá Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Àgbẹ̀ ni, ó sì tún ń fi ayùn la igi. Ọjọ́ 6 oṣù kẹta ọdún 1909 ni ó bí ọmọ náà. Ní 1920, nígbà tí ọmọ jẹ́ ẹni ọdún mọ́kànlá, bàbá kú. Àwọn tí ń kọ̀wé lórí Awólọ́wọ̀ máa ń sáré kọjá iṣẹ́ bàbá yìí kí wọ́n lè tètè dé ibi ìṣèlú. Kò yẹ kí ó rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé iṣẹ́ lágilági jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn iṣẹ́ tuntun tí ó fi owó sí ọwọ́ ará ìlú láìjẹ́ pé ó di akọ̀wé.

Iṣẹ́ náà kì í ṣe ti ọ̀lẹ. Wọn yóò gbẹ́ kòtò gígùn, tàbí kí wọ́n gbé òpó ró, wọn yóò yí ìtì igi lé e lórí, wọn yóò sì fi okùn tí a kùn ní èédú fa ìlà sí i lára láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ọkùnrin kan yóò dúró lórí ìtì, èkejì yóò wà nísàlẹ̀. Ẹni òkè ni ó ń tọ́ ayùn kí ó má baà yà kúrò lójú ìlà. Ẹni ìsàlẹ̀ ni ó ń fa agbára rẹ̀ wálẹ̀, gbogbo ìyẹ̀fun igi sì ń dà sí i lójú. Bí igi náà bá jẹ́ ìrókò, ìyẹ̀fun yìí a máa yún ara, a sì máa mú ènìyàn sín títí. Pákó kan lè gbà wọ́n ní ìdajì ọjọ́. Lẹ́yìn èyí ni wọn yóò to pákó lé ara wọn, wọn yóò fi igi wẹ́ẹ́rẹ́ há a láàárín kí afẹ́fẹ́ lè máa gba ibẹ̀ kọjá, wọn yóò sì fi í sílẹ̀ kí ó gbẹ. Ìsinmi pákó yìí ni ohun tí ó kọ́kọ́ ń sọ nù nígbà tí ìkánjú bá wọ iṣẹ́, a óò sì padà sí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Nígbà tí pákó pọ̀, ìjókòó pọ̀. Àpótí onígun mẹ́rin, ẹsẹ̀ mẹ́rin àti orí kan, di ohun tí gbogbo ilé ní. Àwọn àpótí tí ọtí òyìnbó àti ọṣẹ ń bá wá sí èbúté náà kò ṣòfò; àwọn tálákà a máa dojú wọn dé, wọn a sì jókòó lé wọn. Láàárín àwọn obìnrin oníṣòwò obì ni iṣẹ́ àpótí ti hàn jù lọ. Ṣàgámù di ìlú obì gbánja. Àwọn Hausa tí wọ́n wá rà á tẹ ara wọn dó sí Sábó, ọkọ̀ sì ń kó o lọ sí Òkè Ọya. Kí obì tó dé inú apẹ̀rẹ̀, a ní láti rẹ ẹ́, kí a bó awọ funfun ara rẹ̀, kí a fọ̀ ọ́, kí a ṣà á, kí a sì fi ewé bò ó. Ìjókòó ni gbogbo iṣẹ́ yìí láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Àpótí tí ó bá ga jù yóò mú ẹ̀yìn dun alóbì. Èyí tí ó bá kúrú jù yóò gba orúnkún rẹ̀. Kò sí ọ̀jọ̀gbọ́n kankan tí ó kọ́ àwọn káfíńtà Ṣàgámù ní ìwọ̀n yìí, ara àwọn oníbàárà ni ó kọ́ wọn.

Lẹ́yìn náà ni ilé ìwé dé. Ọmọ lágilági Ìkẹ́nnẹ́ di Olórí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ní 1954. Ní oṣù kìíní ọdún 1955, ìjọba rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́, àwọn ọmọ tí wọ́n forúkọ sílẹ̀ ní ọdún náà sì lé ní 800,000. Gbogbo wọn ni ó ní láti jókòó. A kò lè sọ iye pákó tí ọ̀rọ̀ yìí ná ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn, ṣùgbọ́n kò sí àní-àní pé bẹ́ǹṣì àti tábìlì ilé ìwé wà lára iṣẹ́ tí ó mú kí àwọn ọ̀dọ́ rí iṣẹ́ káfíńtà bí iṣẹ́ tí ó yẹ kí a kọ́. Ní ọjọ́ 27 oṣù kìíní ọdún 1956, Tai Ṣólàrín àti Sheila aya rẹ̀ dá Mayflower School sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ kan náà. Níbẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ kì í ṣe ìyà fún ọmọ tí ó ṣẹ̀, ẹ̀kọ́ ni. Ọmọ ilé ìwé tí ó bá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan ìṣó rí kì í fi ojú tín-ín-rín wo àpótí mọ́, ó sì ń mọ ayédèrú nígbà tí ó bá rí i lọ́jà.

Ìpadépọ̀ ńkọ́, ta ni ó kọ́kọ́ rò ó pé kí ìjókòó máa ká? Ó ti pẹ́ gan-an. Nígbà tí Howard Carter ṣí ibojì ọba Tutankhamun ní ilẹ̀ Íjíbítì ní 1922 (kì í ṣe ìbátan Gómìnà Carter), ìjókòó tí ń ká wà lára ohun tí wọ́n bá níbẹ̀, ó sì ti lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ọdún. Ẹsẹ̀ méjì-méjì tí wọ́n gba inú ara wọn kọjá bí àgbélébùú, tí irin kan sì so wọ́n láàárín, ni ọgbọ́n rẹ̀. Àwọn ológun ni ó fẹ́ràn rẹ̀ jù nílé ayé, nítorí pé ẹni tí ń rìn kò lè ru ìtẹ́ kiri. Ohun tí ó dùn mọ́ni ni ti àwọn Asante ní ilẹ̀ Gánà. Wọ́n rí àga òyìnbó tí ń ká, wọ́n sì ṣe tiwọn ní àwòkọ rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní akonkromfi. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gba inú ara wọn kọjá gan-an bí ti òyìnbó, ṣùgbọ́n kì í ká. Kì í ṣe pé wọn kò mọ̀ ọ́n ṣe. Àga olóyè ni wọ́n fẹ́, kí ni olóyè fẹ́ fi àga tí ń ká ṣe?

Àga ìnàyìn ni ó mú ìpadépọ̀ wọ ilé Yorùbá. Aṣọ kan, férémù igi méjì àti ọ̀pá kan tí a ń fi há ojú ihò eyín-eyín, òun náà nìyẹn. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ni ó ti há ìka mọ́ ọn rí, síbẹ̀ kò sí bàbá tí kò fẹ́ ẹ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ní ti èyí tí a ń gùn, ìlú Dayton ní Amẹ́ríkà ni a ti gbọ́ pé káfíńtà kan, John H. Balsley, gba ìwé ẹ̀tọ́ ìjọba ní 1862 lórí àkàsọ̀ onígbèésẹ̀ tí ń ká. Káfíńtà Rẹ́mọ tí ó bá ti tún àga ìnàyìn ṣe rí kò nílò láti lọ sí Dayton kí ó tó yé e. Ohun tí ó kù ni kí ẹnìkan nílò rẹ̀.

Iná mànàmáná ni ó mú kí a nílò rẹ̀. Fìtílà wà lórí tábìlì, ọwọ́ àgbà àti ọmọdé tó o. Gílóòbù wà lókè àjà. Fáànù dé, ó ń kó eruku. Kọ́tìnì dé, a ń fọ̀ ọ́. Kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná ga ju pẹpẹ àtijọ́ lọ. Nígbà tí ilé iṣẹ́ amóhùnmáwòrán bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959, àwọn onílé tún ní ohun mìíràn tí wọn yóò máa gòkè lọ yí. Kí ni wọ́n ń gùn? Àga ìjẹun ni. Bí kò bá tó, wọn a gbé àga lé orí tábìlì. Bí ó bá tún ṣẹ́ kù díẹ̀, wọn a gbé àpótí lé orí àga. Ọ̀pọ̀ ilé ni ó mọ bí èyí ṣe ń parí. Ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé gun orí igi kò lè rí i. Ṣùgbọ́n ọ̀ràn gílóòbù kì í ṣe ti ìjókòó, àgbà náà ní láti gòkè.

Nítorí náà, ẹni tí ó fẹ́ ra àpótí ìgùnkè ní láti mọ ohun tí ó yẹ kí ojú rẹ̀ wò. Ohun tí ó ń gbé òtìtà ró ni pé kò ní oríkèé. Ohun tí ó ń da àpótí ìgùnkè ni oríkèé rẹ̀. Ibẹ̀ ni kí a ti bẹ̀rẹ̀. Kí a ṣí i, kí a sì wo ohun tí kò jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ya lọ. Bí ó bá jẹ́ híńjì nìkan ni ó so iwájú mọ́ ẹ̀yìn, kí a fi í sílẹ̀ níbẹ̀: gbogbo ìwọ̀n ara ènìyàn ni yóò máa fa ìṣó híńjì náà jáde. Ó gbọ́dọ̀ ní ọ̀pá ìdábùú tàbí irin tí ó ń há sí àyè rẹ̀ nígbà tí a bá ṣí i tán. Okùn àti ṣéènì lè dá ẹsẹ̀ dúró kí ó má ya jù, ṣùgbọ́n wọn kò lè dá a dúró kí ó má padé mọ́ ẹni tí ó wà lórí rẹ̀. Ibi tí ó ń yí sì gbọ́dọ̀ jẹ́ bóótì tí ó la igi já, tí ó ní nọ́ọ̀tì lẹ́yìn. Ìṣó kò wúlò níbi tí nǹkan bá ti ń yí. Ọgbọ̀n ìgbà tí a bá ṣí i, tí a sì pa á, ihò ìṣó ti fẹ̀.

Lẹ́yìn oríkèé, ìgbésẹ̀. Odindi àtẹ́lẹsẹ̀ ni ó yẹ kí ó gbà, kì í ṣe ọmọ ìka nìkan, nítorí náà íǹṣì 8 tàbí 9 kò pọ̀ jù. Kí a wo bí ojú igi ṣe tò. Bí ìlà ara pákó bá lọ láti ẹsẹ̀ kan dé ẹsẹ̀ kejì, pákó náà yóò tẹ̀ díẹ̀ kí ó tó ṣẹ́, yóò sì ké kí gbogbo ènìyàn gbọ́. Bí ìlà náà bá lọ láti iwájú sí ẹ̀yìn, pákó náà yóò ṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹ̀kọ bísíkíìtì. Àwọn káfíńtà tí ń fi àjákù pákó ṣe àpótí ni ó máa ń ṣe èyí, kì í sì í hàn bí wọ́n bá ti kùn ún. Ìdí rèé tí ó fi sàn kí a ra èyí tí a kò tíì kùn. Ọ̀dà a máa bo kókó igi, a máa bo ihò kòkòrò, a sì máa bo ìyẹ̀fun igi tí wọ́n pò mọ́ gúlúù láti fi dí ibi tí ó ti là.

Ní ti irú igi, àríyànjiyàn kò lè tán nílé káfíńtà, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Arère ni ó wọ́pọ̀ jù nínú àpótí olówó pọ́ọ́kú: ó funfun, ó fúyẹ́, ayùn a sì máa gba inú rẹ̀ kọjá bí ẹni gé iṣu. Ṣùgbọ́n ìṣó kì í pẹ́ nínú rẹ̀, kòkòrò sì fẹ́ràn rẹ̀. Afàrà sàn jù ú lọ. Òpèpè le, ó sì ń tọ́jọ́, àmọ́ bí a kò bá kọ́kọ́ lu ihò fún ìṣó, yóò là. Apá wúwo, kì í sì í sún kì bí ó bá ń gbẹ. Ẹni tí ó bá rí i kì í kábàámọ̀ rẹ̀. Ìrókò ni ọba wọn, ikán pàápàá ń bọ̀wọ̀ fún un, ṣùgbọ́n a ti gé e débi pé ẹni tí ó bá fi odindi ìrókò ṣe àpótí lónìí ń ná owó ilẹ̀kùn sórí ìjókòó. Tíìkì àti mẹ̀línà, tí a gbìn, kì í ṣe igi ilẹ̀ wa láti ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n dúró déédéé, ẹni tí ó bá ń fi ojú ẹ̀gàn wò wọ́n kàn ń fi ẹnu àwọn baba rẹ̀ sọ̀rọ̀ ni. Bí ó bá ṣeé ṣe, kí igi líle wà ní ẹsẹ̀ àti ní ìgbésẹ̀, kí igi tí ó fúyẹ́ wà ní ìyókù. Àpótí tí ó bá wúwo jù, kò sí ẹni tí yóò gbé e láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Orí àga ìjẹun ni wọn yóò padà sí.

Ṣùgbọ́n igi líle tí kò gbẹ kò sàn ju igi rírọ̀ tí ó gbẹ lọ. Ohun tí a sọ nípa ìsinmi pákó nìyí. Nígbà tí wọ́n ń fi ọwọ́ la igi, ìlọ́ra iṣẹ́ náà ni ó fún pákó ní àyè láti gbẹ: kí ìtì tó tán, pákó àkọ́là ti wà nílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹ̀rọ ilé ìlagi lè la ìtì kan láàárọ̀, kí ọkọ̀ gbé e ní ọ̀sán, kí káfíńtà sì ti fi kan àpótí ní ọjọ́ kejì. Nínú òjò, gbogbo oríkèé rẹ̀ yóò le dan-in dan-in, nítorí pé omi ni ó kún inú igi. Bí ọyẹ́ bá dé ní oṣù kejìlá, igi náà yóò sún kì, ahọ́n yóò fò nínú ihò rẹ̀, àpótí tí ó dúró bí òkúta ní oṣù keje yóò máa jó. Alágbàtà kò purọ́ fún ẹni tí ó rà á, àkókò ni ó bá a purọ́. Nítorí èyí, àwọn tí ó gbọ́n a máa ra ohun onígi nígbà ọyẹ́, tàbí kí wọ́n gbé e wò lọ́wọ́, kí wọ́n fi ìka lù ú: pákó tútù a máa dún bòǹbò, pákó gbígbẹ a máa dún ganran.

Ìjókòó ọ̀rá ni ó kún ọjà báyìí, láti ìsọ̀ alóbì dé ọgbà ìnáwó. Ó dára fún ohun tí a ṣe é fún. Kò ṣeé gùn: oòrùn a máa jẹ ẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ a sì máa ya láìkọ́kọ́ fọhùn. Ó sì ti gba oúnjẹ lẹ́nu ọ̀pọ̀ káfíńtà tí àpótí kékeré jẹ́ iṣẹ́ ìkọ́ṣẹ́ fún àwọn ọmọ ọwọ́ wọn, nítorí pé ara àpótí ni ọmọ iṣẹ́ ti ń kọ́ bí a ṣe ń gbẹ́ ihò àti ahọ́n kí a tó fi ilẹ̀kùn lé e lọ́wọ́. Ẹni tí ó bá bẹ káfíńtà níṣẹ́ àpótí ìgùnkè ní àǹfààní kan tí ẹni tí ó ra ti ọjà kò ní: ó lè ní kí wọ́n wọn gíga ilé rẹ̀ àti ọwọ́ ẹni tí yóò máa gùn ún. Ìdí àpótí gbọ́dọ̀ fẹ̀ ju orí rẹ̀ lọ ní ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí wọ́n bá gbé e dé, kí a ṣí i sórí ilẹ̀ símẹ́ńtì tí ó tẹ́jú, kí a fi ọwọ́ tẹ igun méjì tí wọ́n dojú kọ ara wọn láti wò ó bóyá ó ń mì, kí a sì jẹ́ kí ẹni tí ó sanra jù nínú ilé kọ́kọ́ gùn ún dé ìgbésẹ̀ ìsàlẹ̀, kí ó tó gun tòkè. Lẹ́yìn ọyẹ́ àkọ́kọ́, kí a fi sípánà dì nọ́ọ̀tì bóótì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i.